Nígbà Tí Ọ̀tá Bá Di Ará Ilé: Ọkàn Òǹwòran àti Ẹ̀dá-Ìtàn inú Eré Amóhùnmáwòrán

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí orí àtẹ ní alẹ́ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú àwọn kan. Wọn a ní, "Kí ni ti eré amóhùnmáwòrán nínú ìtàn? Ṣé kì í ṣe ogun àti oyè àti ìjọba ni òpìtàn ń kọ?" Mo bẹ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fi sùúrù jókòó. Ohun tí odindi ìlú ń péjọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ohun tí ń mú ọmọdé sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, tí ń mú aláṣè gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná, kì í ṣe ohun tí òpìtàn lè fojú di. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò ni èyí: báwo ni ẹ̀dá-ìtàn tí àwọn ènìyàn bẹ̀rù tàbí kórìíra ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń di ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rín àti ìfẹ́ dárúkọ nígbẹ̀yìn? Nígbà tí ìyípadà náà bá sì ti parí, kí ni ó kù lọ́wọ́ òpìtàn tí yóò fi mọ bí ọkàn wọn ti rí ní àkọ́kọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Òkítóbà, 1959, ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ìgbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tẹ̀lé e ní 1962. Kí ó tó di ìgbà náà, orí ìtàgé ni a ti mọ òṣèré. Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ àti Oyin Adéjọbí ń kó ẹgbẹ́ wọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn àti nínú ọgbà ilé-ìwé; bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ̀ wọn a ti gbéra lọ sí ibòmíràn.

Nínú irú eré alẹ́ kan bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ máa ń yá. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874 ni a fi hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkà tí kò lójú àánú sí ẹrú rẹ̀. Òǹwòran tí ó jókòó ní agogo mẹ́jọ ti kórìíra rẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Nígbà tí yóò bá fi di agogo mẹ́wàá, Ìyálóde ti ṣubú, òǹwòran ti pàtẹ́wọ́, ó sì ti gba ilé lọ pẹ̀lú ìkórìíra náà ní odindi. Ọdún púpọ̀ ni ó gbà kí àwọn onímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè bóyá obìnrin alágbára kan tí àwọn ọkùnrin ìgbà rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ni ìtàn sọ di ìkà tó bẹ́ẹ̀. Ìwé àti àríyànjiyàn ni ó yí ọkàn padà nípa rẹ̀. Eré fúnra rẹ̀ kò láyè fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ní àyè náà. Ìkà inú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í bá ọkọ̀ lọ. Bí ó ti wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kì í sì í ṣe gbọ̀ngàn ni yóò dé sí, inú yàrá àlejò ni, níbi tí bàbá ti ń jẹun, tí ìyá ń di irun ọmọ, tí ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì sórí àga. Àwọn àgbà ní àlejò kì í jẹ́ àlejò títí. Ẹni tí ó bá ń wọlé wá láìkùnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìkà, a di ẹni tí à ń retí. Níbi ìretí yìí ni mo gbà pé ìyípadà ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀: a ń retí rẹ̀ kí a tó mọ̀ pé a ti fẹ́ràn rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu nílẹ̀ wa ju Fádèyí Olóró lọ.

Ní àwọn ọdún 1980 ni olóògbé Jímọ̀ Àlíù, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì, gbé eré Àrélù jáde lórí amóhùnmáwòrán. Òun fúnra rẹ̀ ni Àwòrò nínú eré náà. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ni Òrìṣàbùnmi. Òjó Arówóṣafẹ́ ni Fádèyí. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Fádèyí jẹ́ orúkọ Ifá, orúkọ iyì tí bàbá gidi lè sọ ọmọ rẹ̀. Olóró ni a wá so mọ́ ọn, bí ẹni so ejò mọ́ ẹnu ọ̀nà. Oògùn ni agbára rẹ̀, ọfọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ìpayà ni ó sì ń bá rìn. Ẹni tí ó bá ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nígbà náà kò nílò kí a ṣàlàyé fún un. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó fi orúkọ Fádèyí dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ sùn. Àwọn ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ti mọ bí wọn yóò ṣe sá kúrò níwájú ẹ̀rọ nígbà tí ojú rẹ̀ bá yọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Òǹwòran ìgbà náà kì í ṣe òpè tí kò mọ̀ pé eré ni eré. Ọfọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu Fádèyí kò jìnnà sí irú èyí tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ìjà ní ìlú wọn, àwọn àgbà ilé sì gbà pé ọ̀rọ̀ a máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Òrìṣàbùnmi bá dìde sí i, tí àwọn méjèèjì ń fi ọ̀rọ̀ kọlu ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìjà òṣèré méjì nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wò ó bóyá rere lágbára tó láti borí nínú ayé tí àwọn náà ń gbé. Ìkórìíra tí wọ́n ní sí Fádèyí jẹ́ ìkórìíra gidi, nítorí pé ohun tí ó dúró fún jẹ́ ewu gidi lójú wọn.

Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ẹni ìfẹ́? Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ni eré ọmọdé. Ọmọ tí ó sá fún Fádèyí ní alẹ́ ni ó ń ṣe Fádèyí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré lábẹ́ igi, ìjà a kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò jẹ́ Fádèyí. N kò tíì gbọ́ kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò jẹ́ ẹni tí Fádèyí nà. Ẹni tí a bá ti gbé ohùn rẹ̀ wọ̀ lẹ́nu ara wa, ó ti ṣòro kí a tún kórìíra rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun kejì ni pé ọfọ̀ rẹ̀ dùn ní etí. Yorùbá jẹ́ ẹ̀yà tí í dárí ji ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Olè tí ó bá lè pa òwe níwájú adájọ́, àwọn tí ó wà ní kóòtù a mi orí, wọn a ní, "Olè ni o, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Fádèyí. Àwọn olùkọ́ èdè mọ ohun tí mò ń sọ: ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro tí kò fẹ́ gbọ́ ewì nínú kíláàsì ni ó gbọ́ ọfọ̀ lẹ́nu Fádèyí, tí ó sì há a sórí láìsí ẹgba.

Nígbà tí ó yá, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn gbé orúkọ òṣèré mì. Àwọn tí ó mọ̀ pé Arówóṣafẹ́ ni bàbá náà ń jẹ́ kò pọ̀. Nígbà tí Jímọ̀ Àlíù kú ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2020, tí Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú tẹ̀lé e ní oṣù Jánúárì 2021, tí Òjó Arówóṣafẹ́ náà sì papò dà ní oṣù Máàṣì 2023, orúkọ inú eré ni àwọn ìwé ìròyìn fi kéde ikú wọn: Àwòrò lọ, Òrìṣàbùnmi lọ, Fádèyí Olóró lọ. Àwọn ọmọ tí ó sá fún un ní 1985 ti di bàbá àti ìyá, wọ́n sì sunkún. Ìkà ni wọ́n kórìíra. Ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Mo fẹ́ kí ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí a óò padà sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé amóhùnmáwòrán ni ó kọ́ wa ní àṣà yìí, kí ó rántí Ìjàpá. Ìjàpá jí iṣu, ó yọ́ ilẹ̀ dà, ó tan àna rẹ̀ jẹ, a sì ń nà án ní alaalẹ́. Síbẹ̀, bí bàbá-àgbà bá fẹ́ pa àlọ́, ọmọ wo ni ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó má ṣe mú Ìjàpá wá? Àlọ́ ni eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wa àkọ́kọ́, ọ̀bàyéjẹ́ kan náà ni ó sì ń padà wá nínú rẹ̀. Ní 1956 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Donald Horton àti Richard Wohl, kọ̀wé pé ẹni tí à ń rí déédéé lórí amóhùnmáwòrán a máa dà bí ojúlùmọ̀ wa, bí òun kò tilẹ̀ mọ̀ wá rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ apàlọ́ ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ẹni tí ó dúró pẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí, àwọn olùpẹ̀jọ́ ń wá, wọ́n ń lọ. Òǹwòran a gbè sẹ́yìn ìyàwó ní ọ̀sẹ̀ yìí, a gbè sẹ́yìn onílé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a sì gbàgbé àwọn méjèèjì. Adájọ́ tí ó jókòó sójú kan ni wọn kò gbàgbé.

Títí di ibi yìí, ohun tí mo sọ ni pé ẹ̀dá-ìtàn dúró sójú kan, tí mímọ̀-ọ́n-lára sì yí ọkàn wa sí i. Ṣùgbọ́n ìyípadà mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ: nígbà mìíràn, ayé òǹwòran ni ó yí padà. Fún èyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìlú Ọjà, ìlú inú eré The Village Headmaster.

Olóògbé Ọlúṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó dá eré náà sílẹ̀. Orí rédíò ni ó ti kọ́kọ́ wà, kí ó tó bọ́ sórí amóhùnmáwòrán ní Èkó ní 1968, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1988, pẹ̀lú ìsinmi àti ìyípadà lágbede-méjì. Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìnì ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọdún náà sọ́kàn. Ní 1968, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, àwọn ará Nàìjíríà ń pa ara wọn; ní ọdún kan náà ni a fi ìlú kékeré kan hàn lórí ẹ̀rọ, tí Yorùbá, ará Kàlàbá àti ará Òkè-Ọya jọ ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ kékeré, tí wọ́n sì ń parí rẹ̀ níwájú Ọlọ́jà. N kò lè gbà pé èèṣì ni ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí Bassey Okon, tí Jab Adu ṣe. Nígbà tí ìjọba ń fi rédíò sọ pé ọ̀kan ni wá, Bassey ń fi ìrìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, òun ni wọ́n sì tẹ́tí sí jù.

Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ènìyàn mẹ́ta ni ó ṣe é ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wo eré yìí jẹ́ ènìyàn tí ìwé ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ti oṣù Jánúárì 1955 ṣì ń dùn mọ́ nínú. Olùkọ́ nígbà náà ni ó ń bá ìlú ka lẹ́tà, òun ni ó ń kọ èsì, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ a máa dán, bàtà rẹ̀ a máa dún. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé inú eré bá kọjú ìjà sí àṣà àtijọ́ ìlú Ọjà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran wà. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ilé-ìwé pọ̀, olùkọ́ kò tó, wọ́n ń kó àwọn tí kò gbaradì wọ inú iṣẹ́. Owó epo dé, àgbàṣe dé, ọmọ tí olùkọ́ nà ní àná ń fi mọ́tò kọjá lára rẹ̀ lónìí. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ń jẹ olùkọ́ ní gbèsè owó oṣù. Ojú wo ni ẹni tí ó mọ olùkọ́ tí ń tọrọ gààrí ní ìràwọ̀ yóò fi wo ọ̀gá ilé-ìwé lórí amóhùnmáwòrán? Ọ̀wọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ àánú. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ó dún bí àṣẹ ní 1969 lè dún bí ẹkún ní 1986. Èrò tèmi ni èyí o, ẹnikẹ́ni lè jà á ní iyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wò wá ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní òdìkejì ni Olóyè Ẹlẹ́yinmi wà, tí Fúnṣọ́ Adéolú ṣe. Ìjòyè àtijọ́ ni, ẹlẹ́tàn díẹ̀, aláwàdà púpọ̀, ẹni tí ọ̀gá ilé-ìwé yẹ kí ó máa borí ní gbogbo ìgbà bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọ̀làjú lòdì sí àìlajú. Ṣùgbọ́n bí iyì ọ̀làjú ti ń ṣá, bẹ́ẹ̀ ni ti Ẹlẹ́yinmi ń dán. Àwọn tí ó ń fi í rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí bá a rẹ́rìn-ín, ọ̀nà méjèèjì sì jìnnà sí ara wọn. Bí ẹni pé ayé fẹ́ fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà, Fúnṣọ́ Adéolú wá jọba ní tòótọ́, ó di Aláyé ti Òde-Rẹ́mọ. Ìjòyè inú eré gun orí àpèrè níta. Nígbà tí ó wàjà ní 2008, àwọn tí kò mọ̀nà Òde-Rẹ́mọ mọ̀ pé Ẹlẹ́yinmi ni ó lọ.

Amẹ́bọ̀ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ìbídùn Allison ni ó ṣe é, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé. Òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi tàn kálẹ̀ di orúkọ olófòófó ní gbogbo Nàìjíríà. Lónìí, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ìró The Village Headmaster rí ń pe ara wọn ní amẹ́bọ̀. Ìfẹ́ náà ti kú, èébú ni ó kù. Òpìtàn tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn òde-òní yóò rò pé ẹni ìríra ni obìnrin náà lójú àwọn tí ó wò ó. Irọ́ ni.

Ti Moses Ọláìyá, Bàbá Ṣàlá, tún gba ọ̀nà mìíràn. Láti àwọn ọdún 1960 ni ó ti wà lórí WNTV pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀, pẹ̀lú táì rẹpẹtẹ ní ọrùn àti aago ńlá lára rẹ̀. Ahun àti oníjìbìtì tí ọgbọ́n rẹ̀ ń yí dà lé e lórí ni a mọ̀ ọ́n sí. Ní 1982 ni fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru jáde, èyí tí Ọlá Balógun darí. Nínú rẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ tan oníṣòwò náà jẹ, wọ́n ní àwọn yóò sọ ọ́ di olówó, wọ́n sì sọ ọ́ di aláìní. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀daràn fi jí fíìmù náà dà kọ, tí wọ́n ń tà á káàkiri, tí gbèsè sì wọ Bàbá Ṣàlá lọ́rùn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lójú agbo ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn agbo. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní oṣù Òkítóbà 2018, ẹ̀rín tí a fi ń rín Bàbá Ṣàlá kò tún mọ́ gaara mọ́. Ikùn àánú wà nínú rẹ̀. Òǹwòran kì í fi ògiri sí àárín ẹ̀dá-ìtàn àti òṣèré. Ohun tí ó bá ba ọ̀kan ń ba èkejì.

Ṣé gbogbo ọkàn ni ó ń yí sí ibì kan náà? Rárá. Ní Amẹ́ríkà, láti 1971 sí 1979, eré kan wà tí ń jẹ́ All in the Family. Norman Lear dá Archie Bunker sílẹ̀ nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tí ó kórìíra aláwọ̀ dúdú àti àlejò, kí àwọn ènìyàn lè fi ìwà bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní 1974, Neil Vidmar àti Milton Rokeach tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé àwọn tí irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀ ń wo Archie bí ẹni tí ń sọ òótọ́. Yàrá kan, ẹ̀rọ kan, ẹ̀rín kan; èrò méjì. Ní 1978, wọ́n gbé àga tí Archie ń jókòó lé lọ sí ilé àkójọ nǹkan àtijọ́ ti Smithsonian ní Washington. Bí a bá bi àwọn tí ó ń lọ wò ó pé kí ni wọ́n fẹ́ràn lára rẹ̀, èsì wọn kò ní pa pọ̀ láé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ìṣòro fún òpìtàn nìyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àga, wọ́n ní téèpù eré, wọ́n sì ní ìwádìí tí a ṣe nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kí ni àwa ní? Ní ìbẹ̀rẹ̀ WNTV, ọ̀pọ̀ eré ni a ṣe lójú ẹsẹ̀ tí a kò gbà sílẹ̀ rárá. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n. A máa ń pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí a lè gba òmíràn sí i. Púpọ̀ nínú The Village Headmaster ti bá bẹ́ẹ̀ lọ. Ègé díẹ̀díẹ̀ nínú eré àtijọ́ wà lórí YouTube, ẹni tí ó gbé wọn síbẹ̀ ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ní 1970 tàbí 1985 láti kọ ohun tí òǹwòran ń sọ sílẹ̀. Ọkàn àwọn tí ó wò ó nìkan ni ó kù, ọkàn náà sì ti yí padà. Ẹ bi ẹni àádọ́ta ọdún lónìí nípa Fádèyí, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Háà, Fádèyí wa!" Ìfẹ́ ìkẹyìn ti bo ẹ̀rù àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, bí ilé tuntun ti ń bo ìpìlẹ̀ àtijọ́.

Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ wá sí Ẹgàn. Ìlú Àwórì ni Ẹgàn, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, lẹ́bàá Ìgàndò, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́. Ilẹ̀ oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀. Bí Èkó ti ń gbòòrò ni àwọn ènìyàn ń ti àárín ìlú àti ìpínlẹ̀ mìíràn wá kọ́lé síbẹ̀. Ní àdúgbò kan lónìí, ẹ óò rí ẹni tí ó dàgbà ní Èkìtì, ẹni tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, ẹni tí ó dàgbà ní Muṣin, Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì, Ìgbò láti Òwèrrì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlú Ọjà gan-an. Olúkúlùkù wọn ni ó gbé ìrántí eré tirẹ̀ wá láti ibi tí ó ti wò ó: ti Èkìtì mọ Fádèyí bí ẹni mọ ará ilé, ti Muṣin mọ Ẹlẹ́yinmi, ti Òwèrrì yóò sọ fún yín nípa Zebrudaya. Olùkọ́ tí ó bá ní ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ọmọ kíláàsì méjìlá ní Ẹgàn lè kó ìtàn jọ láàárín sáà kan tí kò sí ní ilé ìpamọ́ kankan.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ bí a ti ń bèèrè. Bí ẹ bá bi ẹni náà pé, "Ṣé ẹ fẹ́ràn Fádèyí?" ọkàn òde-òní ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé ilé ta ni ó ti wò ó. Ìgbà náà, ìwọ̀nba ilé ni ó ní ẹ̀rọ, àwọn ará àdúgbò ni ó ń péjọ sí ojú fèrèsé onílé. Ẹni tí ó bá rántí ojú fèrèsé yóò rántí ẹni tí ó dúró tì í, yóò sì rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ sá. Ẹ bi í pé ta ni ó ń ṣe Fádèyí nínú eré wọn ní ọ̀sán, àti ta ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àbúrò rẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni ó mú un lọ sílé ní alẹ́ náà, nítorí ọ̀nà ṣókùnkùn. Ara ni ó mọ ìbẹ̀rù tí ẹnu ti gbàgbé; mo ti rí i tí àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín Fádèyí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbá etí aṣọ mú bí ìgbà tí ó wà ní kékeré.

Ti The Village Headmaster tilẹ̀ rọrùn jù. Wọ́n gbé e padà ní 2021 pẹ̀lú ojú tuntun, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ kan ti mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe bi àgbàlagbà ní ohun kan ju ọ̀kan lọ: bí ẹnikẹ́ni bá pe "ọ̀gá ilé-ìwé," ojú ta ni ó ń yọ sí i? Bí ó bá ní Ted Mukoro, ẹ mọ ọdún tí ó ti ń wò ó. Bí ó bá ní Justus Esiri, ọdún mìíràn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó sọ irú ènìyàn tí ọ̀gá náà jẹ́, kí ẹ sì kọ ọdún náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó bá sọ.